Ọmọ Ọ̀dọ̀, Bọ́ì, àti Gbèsè Tí Kò Wọ Ìwé

Ẹni tó bá gba títì láti Sakété lọ sí Pobè yóò kọjá ní Ikpinlè, ìlú ọjà tó wà lábẹ́ Adja-Ouèrè, ní ẹkùn Plateau lórílẹ̀-èdè Benin. Nàgó àti Ọ̀họ̀rí, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá, pẹ̀lú Gùn àti Àjà ló ń gbé agbègbè náà pọ̀, ọ̀pẹ ló sì bo ilẹ̀ wọn. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń fi abẹ́ ọ̀pẹ sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ nínú ilé àjèjì: ilé àwọn aláṣẹ Faransé ní Sakété àti Pobè, ilé oníṣòwò àti ti àlùfáà ní Àjàṣẹ́ tí òyìnbó sọ ní Porto-Novo, ilé àwọn òyìnbó ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Pobè ní 1922, àti lóde òní, ilé àwọn tó rí já jẹ ní Kútọnù àti Èkó. Ilé ń yí padà, ọ̀gá ń yí padà, ẹjọ́ kan náà ni wọ́n ń rò. Ọ̀gá á ní olè ni, òpùrọ́ ni, ó sì sá lọ láìdágbére. Òṣìṣẹ́ á ní ahun ni, kò mọ èèyàn, kò láàánú. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé èdè ló da ilé wọ̀nyí rú, àwọn mìíràn ní àṣà ni. Èrò tèmi ni pé gbèsè ni wọ́n ń jà lé lórí. Oníkálukú wọ ilé náà pẹ̀lú ìṣirò tirẹ̀ nípa ohun tí ẹnìkejì jẹ ẹ́, ìṣirò méjèèjì kò sì pàdé rí.

Orúkọ iṣẹ́ náà ni ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí orúkọ ló ń jẹ́rìí sí àdéhùn tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀. Yorùbá ń sọ pé ọmọ ọ̀dọ̀. Fọ̀n àti Gùn ń sọ pé vidomègon. Tí a bá tú ọ̀rọ̀ méjèèjì, bákan náà ni wọ́n rí: ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹnìkan. Wọn kò dárúkọ iṣẹ́, wọn kò dárúkọ owó, wọn kò sọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá tàbí aṣọ fífọ̀. Ibi tí ọmọ wà ni wọ́n sọ. Ẹni tó bá sì wà lọ́dọ̀ ènìyàn ti di ẹni tí wọ́n ó bi onílé léèrè: bó bá ṣàìsàn, onílé ni wọ́n ó wò, bó bá dàgbà tó fẹ́ lọ, àwọn òbí rẹ̀ á yẹ ẹrù rẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ irú ẹni tí onílé jẹ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Faransé mú dé ni boy, èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọdékùnrin sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe baálé ilé tó ní aya àti ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe ẹni tí irun rẹ̀ ti funfun. Ó wọ inú Yorùbá, ó di bọ́ì, ó tiẹ̀ di bọ́ìbọ́ì lẹ́nu àwọn tó fẹ́ tẹ́ńbẹ́lú ẹni. Ọmọ ni ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pe òṣìṣẹ́ ilé. Ìyàtọ̀ wọn ni pé ọmọ ọ̀dọ̀ àti vidomègon ń retí ọjọ́ tí ọmọ náà yóò dàgbà kúrò lọ́dọ̀ onílé. Boy kò retí ọjọ́ kankan.

Àṣà méjì ló wà lẹ́yìn ìrètí yẹn. Àkọ́kọ́ ni ọmọ àgbàtọ́, níbi tí òbí ti ń fa ọmọ lé ẹ̀gbọ́n, àbúrò, tàbí ojúlùmọ̀ tó ní ọ̀nà jù wọ́n lọ lọ́wọ́, kí ọmọ náà lè kọ́ ìwà, kọ́ òwò, kí ojú rẹ̀ sì là. Ọmọ á pọn omi, á gbálẹ̀, á kiri ọjà. Ẹni tó gbà á á fún un lóúnjẹ àti aṣọ, á sì rí i pé kò padà sílé lọ́wọ́ òfo. Èkejì ni ìwọ̀fà. Ẹni tó yáwó á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún olówó, iṣẹ́ náà á dúró fún èlé, owó gan-an á sì wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá san án. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, èyí tó jáde ní 1921, ó tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú àti pé ipò rẹ̀ láwùjọ kò dínkù. Iṣẹ́ rẹ̀ ní òṣùwọ̀n. Bó bá ti ṣe é tán, oko ara rẹ̀ ló kù tó ń lọ. Onígbọ̀wọ́ wà láàárín òun àti olówó, ẹni tí wọ́n lè ké sí tí ọ̀rọ̀ bá wọ́. Mo dúró lórí èyí nítorí àwọn kan máa ń rò pé ará oko tó kọ́kọ́ wọ ilé òyìnbó kò mọ ohun tó ń jẹ́ àdéhùn iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Àdéhùn tó mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó ní ẹlẹ́rìí, ó sì ní ohun tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an létí.

Òyìnbó mú àdéhùn mìíràn dé. Lójú tirẹ̀, oṣù ló ra lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tí oṣù bá pé tó sì sanwó, kò sí ohun tó kù láàárín wọn. Láti 1899 ni ìjọba àmúnisìn Dàhòmì, tó di Benin lónìí, ti ń gba owó orí, owó Faransé ni wọ́n sì ń fẹ́. Ẹni tí kò rí epo tàbí èkùrọ́ tà tó ní láti wá iṣẹ́ tí wọ́n ń fi owó náà san, ilé òyìnbó sì jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Nígbà tí ojú irin láti Àjàṣẹ́ fi dé Pobè, kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ti là fún epo láti lọ sí etíkun àti fún òyìnbó láti wá sí àárín ìlú. Lẹ́yìn owó oṣù yìí ni òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní indigénat. Ó fún aláṣẹ agbègbè ní agbára láti fi aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe ọmọ ìlú Faransé sẹ́wọ̀n ọjọ́ 15, kí ó sì bu owó ìtanràn tó tó 100 franc lé e, láìsí ilé ẹjọ́. Ní ibi kékeré bíi Sakété tàbí Pobè, aláṣẹ yẹn kan náà ni ọ̀gá ilé, tàbí kó jẹ́ ọ̀rẹ́ tó ń jẹun lórí tábìlì ọ̀gá ilé. Níbi tí onígbọ̀wọ́ máa ń jókòó sí láàárín olówó àti ìwọ̀fà, ẹ̀wọ̀n ló jókòó síbẹ̀ báyìí.

Ẹ wá wo bí ìṣirò méjì yìí ṣe ń kọlura lójoojúmọ́. Oúnjẹ ni ìjà àkọ́kọ́. Nínú agbo ilé Nàgó, ẹni tó se ọbẹ̀ ti jẹ nínú rẹ̀ kó tó gbé e kalẹ̀, ọmọ ilé á sì jẹ ohun tó kù nínú ìkòkò. Ibi iṣẹ́ ẹni la ti ń jẹ. Ọ̀gá òyìnbó ti ṣúgà mọ́lé, ó ń ka agolo, ó ń fi ojú wọn ọtí inú ìgò. Nígbà tí ṣúgà bá dín, ó pariwo olè. Òṣìṣẹ́ tó mú ṣúgà náà ní ààlà tirẹ̀ tó mọ́ gaara: jíjẹ ni jíjẹ, jíjí ni jíjí. Bó bá mú owó lórí tábìlì, ó mọ̀ pé olè ni òun. Bó bá jẹ búrẹ́dì tó kù lórí àwo, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ló jẹ, nítorí ó wà lọ́dọ̀ onílé. Gbígbálẹ̀ náà kò yọ sílẹ̀. Kùtùkùtù ni a ń gbálẹ̀. Ẹni tó bá gbálẹ̀ lóru ń gbá oríire ilé dànù. Òyìnbó jẹun alẹ́ tán, ó ní kí wọ́n gbá ẹ̀rún oúnjẹ kúrò nílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó ń lọ́ra nídìí ìgbálẹ̀ ń dáàbò bo ọlà ẹni tó ń bú u ní ọ̀lẹ. Ti aṣọ fífọ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé òyìnbó nígbà náà, kì í sì í ṣe ní Dàhòmì nìkan: Karen Tranberg Hansen, tó kọ ìtàn iṣẹ́ ilé ní Zambia, rí ohun kan náà níbẹ̀. Ọkùnrin tó ní oògùn lára kì í fọwọ́ kan aṣọ nǹkan oṣù obìnrin, kí agbára oògùn náà má baà bàjẹ́. Lójú ìyàwó òyìnbó, aṣọ ni aṣọ, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún láti fọ aṣọ kò gbọ́dọ̀ yọ ọ̀kan sọ́tọ̀.

Ọ̀rọ̀ òkú ni mo kà sí èyí tó fi ìjà gbèsè yìí hàn jù. Nàgó ń pe ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá rẹ̀ ní bàbá. Ọ̀gá tó gbọ́ pé bàbá òṣìṣẹ́ òun kú, tó sì tún gbọ́ ọ kí ọdún tó yí po, á ní irọ́ ti dé. Ó lè má jẹ́ irọ́ rárá, àwọn bàbá náà lè pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìsinmi nìkan ni òṣìṣẹ́ ń tọrọ nígbà tó sọ ọ́. Ó ń sọ fún onílé pé òfò ti ṣẹ̀ nínú ẹbí tí òun àti onílé jọ so pọ̀ mọ́, ó sì ń dúró kí onílé dáhùn bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn: kó kí i, kó fi nǹkan ṣètò ìsìnkú. Ọ̀gá gbọ́ ẹ̀bẹ̀ owó, ó kọ̀ ọ́, tàbí kó fún un ní owó oṣù tó ń bọ̀ ṣáájú, èyí tí òun yóò yọ padà nígbà tí oṣù bá pé. Ohun tí ọ̀kan pè ní ìtọ́jú, èkejì pè é ní àwìn. Ọjọ́ ìpadà náà á tún di wàhálà. Nínú kíka ọjọ́, Yorùbá máa ń ka òní mọ́ ọn: ìjẹta ni ọjọ́ tó ṣáájú àná, ọjà ọrún-ọrún sì ń ná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ẹni tó gba ọjọ́ mẹ́jọ, ọ̀sẹ̀ kan ló gbà. Ó yẹ kí ìyẹn yé Faransé ju ẹnikẹ́ni lọ, nítorí ọjọ́ mẹ́jọ ni òun náà ń pe ọ̀sẹ̀ kan ní èdè tirẹ̀, ọjọ́ 15 ló sì ń pe ọ̀sẹ̀ méjì. Níbi tí ìṣirò méjì ti bára mu, ẹni tó ti pinnu pé irọ́ ni wọ́n ń pa fún òun kò rí i.

Ẹ̀sùn tó dun ọ̀gá jù ni pé wọ́n ń sá lọ. Àná ni òṣìṣẹ́ gbé àwo síwájú ọ̀gá, òwúrọ̀ òní, ẹ̀yìnkùlé ti dá páropáro. Kò ní ya ẹni tó bá ka ìtàn agbègbè Ikpinlè lẹ́nu. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ààlà tó gé ilẹ̀ Yorùbá yìí sí méjì. Òpìtàn A. I. Asiwaju ti fi hàn pé lílọ sí òdìkejì ààlà ni ọ̀pọ̀ ará abẹ́ Faransé fi ń jà: nígbà tí owó orí bá le, nígbà tí iṣẹ́ ipá bá pọ̀, nígbà tí wọ́n bá ń kó ọ̀dọ́ lọ sójú ogun, ìdílé àti odidi abúlé a dìde, wọ́n a kọjá sí ìhà Nàìjíríà láìsọ fún aláṣẹ kankan. Ìlànà tí bàbá fi kúrò lábẹ́ aláṣẹ ni ọmọ lò láti kúrò lábẹ́ ọ̀gá. Ta ni ì bá dágbére fún? Ẹni tó lè sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọjọ́ 15? Ìdágbére nílò ẹni tí yóò gba ẹjọ́ tó wà nínú rẹ̀ gbọ́. Lílọ lóru ni ẹjọ́ náà, òṣìṣẹ́ rò ó tán pátápátá, ọ̀gá ni kò gbọ́ èdè tí wọ́n fi rò ó.

Àwọn kan yóò sọ pé mo ń fi ọ̀rọ̀ èdè ṣeré, pé bí ẹni méjì kò bá gbọ́ èdè ara wọn, ìjà kò jìnnà. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ní Benin títí di òní, bí àwo bá jábọ́ lọ́wọ́ ẹnìkan tàbí tó bá fẹsẹ̀ kọ, ẹni tó wà nítòsí á sọ fún un ní Faransé pé doucement. Pẹ̀lẹ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀, ó ń bá a kẹ́dùn. Etí Faransé gbọ́ ìkìlọ̀ pé kó rọra, ó sì bínú pé ọmọ ilé ń bá òun wí. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ìwọ àti ẹ̀yin. Faransé ní tu, ó ní vous, ó sì mọ ìyàtọ̀ wọn dáadáa; ṣùgbọ́n tu ló sọ fún òṣìṣẹ́ ilé, bó ti wù kí òṣìṣẹ́ náà dàgbà tó. Ẹni tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀gá ló ti kọ́ Faransé, tí wọn kò sọ vous fún rí, ibo ni yóò ti rí i kọ́? Bó bá fi tu dá ọ̀gá lóhùn, ó di aláfojúdi. Síbẹ̀, ẹ̀rí kan wà tí kò jẹ́ kí n gbà pé èdè ni gbòǹgbò. Láti ìgbà tí owó epo rọ̀bì ti ń ṣàn ní Nàìjíríà láwọn ọdún 1970, àwọn ọmọ ìhà Plateau ti ń lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní Èkó. Ọmọ Ikpinlè tó ń sọ Nàgó àti ìyá ilé tó ń sọ Yorùbá Èkó ń gbọ́ ara wọn yé. Wọ́n mọ pẹ̀lẹ́, wọ́n mọ ẹ̀yin, wọ́n mọ̀ pé bàbá lè pọ̀. Ẹ̀sùn náà kò yí padà: oúnjẹ, owó tí wọ́n dì mú, òkú tí wọn kò jẹ́ kó lọ sin, àti ọmọ tó sá lọ lóru. Ìyá ilé Èkó ti ra oṣù lọ́wọ́ ẹni tó mú ọmọ wá. Ọmọ ń retí ẹni tí yóò tọ́ ọ. Wọ́n gbọ́ èdè ara wọn, gbèsè ni wọn kò kà bákan náà.

Àtakò kejì wúwo jù. Ẹnìkan lè sọ pé kí n má fi àṣìgbọ́ bo ìwà ipá mọ́lẹ̀, pé òyìnbó mọ ohun tó ń ṣe. Agbègbè tí wọ́n ti pa òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé ní Sakété ní 1905, tí àwọn Ọ̀họ̀rí ti gbé ogun dìde ní 1914, kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni ti lè sọ pé òun kò mọ̀ pé inú ń bí àwọn èèyàn. Mo gba apá tó pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí mo ti yà ni pé àìmọ̀ náà ní èrè, ìdí sì nìyẹn tó fi pẹ́. Òṣìṣẹ́ kọ́ èdè ọ̀gá, ó mọ ohun tó ń jẹ, ó mọ ìgbà tó ń sùn, ó mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń kọ lẹ́tà sí. Ọ̀gá kò kọ́ ju orúkọ kan àti ọ̀rọ̀ àṣẹ mélòó kan. Nínú Une vie de boy, ìwé tí Ferdinand Oyono ará Kamẹrúùnù gbé jáde ní 1956, ohun tí Toundi, bọ́ì inú ìtàn náà, mọ̀ nípa ilé ọ̀gá rẹ̀ ló kó bá a. Ẹni tí kò bá mọ̀ pé òun jẹ gbèsè kò ní san án, òfin sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n bi í. Ipá ló jẹ́ kí ọ̀gá lè wà láìmọ̀, àìmọ̀ náà ló sì jẹ́ kí ipá dà bí ìwà pẹ̀lẹ́ lójú ara rẹ̀: mo sanwó oṣù, kí ni wọ́n tún ń fẹ́?

Ó sì ku àwọn tí yóò bi mí bóyá mo ń ṣe àárò àṣà àtijọ́. Rárá. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ti bo ìyà púpọ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọdébìnrin tí ó ń jí ṣáájú gbogbo ilé tó sì ń sùn lẹ́yìn gbogbo wọn, tí kò rí ilé ìwé, tí a ń na, tí a ń pè ní ọmọ wa nígbà tí àlejò bá dé, ọwọ́ ọmọ Benin àti Nàìjíríà bíi tirẹ̀ ni ìyà náà ti ń wá báyìí. Ní oṣù Kẹrin 2001, ọkọ̀ ojú omi Etireno tó kúrò ní Kútọnù padà dé síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọn kò jẹ́ kó gúnlẹ̀ ní Gabon àti Kamẹrúùnù, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ inú rẹ̀ sì mì gbogbo ayé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Benin ṣe òfin 2006 lórí ìrìnàjò ọmọdé àti òwò ọmọ, ó sì ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ní 2015. Mo fara mọ́ àwọn òfin náà tọkàntọkàn. Àṣà àgbàtọ́ bàjẹ́ nígbà tí owó oṣù wọ inú rẹ̀ tí wọn kò sì san án fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́: onílé gba iṣẹ́ bí ẹni tó ra oṣù, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni tó gba ọmọ tọ́. Gbèsè méjèèjì ló sá fún. Òyìnbó ayé àtijọ́ sá fún ọ̀kan péré.

Òfin ti gbìyànjú láti kọ díẹ̀ nínú gbèsè náà sílẹ̀. Ní 1946 ni wọ́n fòpin sí iṣẹ́ ipá ní àwọn ilẹ̀ Faransé lókè òkun, ọdún yẹn náà sì ni indigénat lọ. Òfin iṣẹ́ ti oṣù Kejìlá 1952 mú wákàtí 40 lọ́sẹ̀ àti ìsinmi tí wọ́n ń sanwó lé wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ìdáná jìnnà sí ojú ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò ju ilé iṣẹ́ lọ. Benin ṣe òfin iṣẹ́ mìíràn ní 1998. Owó oṣù tó kéré jù lọ di 40,000 franc CFA ní 2014, ó sì di 52,000 ní 2023. Òyìnbó tó bá gba òṣìṣẹ́ ilé ní Kútọnù lónìí lè kọ wákàtí, owó àti ọjọ́ ìsinmi sínú ìwé, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Èyí dára púpọ̀, ì bá ti gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n nígbà kan rí. Òkú bàbá kejì kò tíì sí nínú ìwé náà, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ tí onílé yẹ kó kọ́ ọmọ kò sí níbẹ̀. Ní abúlé tó wà láyìíká Ikpinlè, nígbà tí ọmọbìnrin bá ti Èkó tàbí Kútọnù dé, ẹrù rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú. Bí maṣíìnì ìránṣọ bá wà níbẹ̀, wọ́n á ní ọ̀gá rẹ̀ mọ èèyàn. Bó bá jẹ́ owó nìkan ló wà, ìyá rẹ̀ á kà á, á dì í padà, á sì bi í léèrè ibi tí ìyókù wà.